Ọ̀dàn àti Ọdán: Ìbòji Igi àti Oúnjẹ Màlúù ní Bessé

Ẹni tí ó bá ka orúkọ ìlú àti orúkọ oko wa lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn Faransé yà yóò rí i pé wọn kò fi àmì ohùn sórí nǹkan kan. Bí wọ́n bá kọ «odan», kò sí bí àjèjì ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀dàn ni wọ́n ń sọ, èyíinì ni pápá koríko gbalasa, tàbí ọdán, igi tí àwọn baba wa ń gbìn sí ojúde ọba àti sí ọjà kí ènìyàn lè rí ìbòji jókòó sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹran ọ̀sìn, a kò lè yà wọ́n ní ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàn tí kò ní igi kan ṣoṣo kò lè bọ́ màlúù la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ibi tí igi sì ti fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́rùn, tí ojú ọ̀run kò hàn mọ́, kò sí koríko níbẹ̀ tí màlúù yóò jẹ. Láàárín méjèèjì yìí ni àwa ará Bessé wà, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń fa gbólóhùn asọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran.

Bessé wà nínú komúnù Ṣábẹ̀ẹ́, ní département Collines. Odò Wèmè ń ṣàn ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Odò Ọ̀pàrà, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Okpara, wà ní ìlà oòrùn, níbi tí a ti bá Nàìjíríà pààlà. Òjò tí ń rọ̀ lọ́dún ní agbègbè yìí a máa sún mọ́ mìlímítà 1100. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àsìkò òjò méjì ni ó wà lọ́dún. Ní àríwá, ẹyọ kan ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ní agbedeméjì, ó dà bí ẹni pé òjò kò tíì pinnu èyí tí yóò mú. Nítorí náà ni igi oríṣiríṣi fi pàdé níhìn-ín: èmi, igbá, apá, ọ̀gánwó, ìyá, àyìn, ayan. Eruwà sì ń hù láàárín wọn, tí yóò ga ju ènìyàn lọ kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Ẹ wá wo ọ̀dàn yìí ní oṣù Èrèlé. Iná ti kọjá. Eruwà tí ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ti di eérú, ìdí rẹ̀ sì dúdú lórí ilẹ̀. Ọ̀yẹ́ ti gbẹ ohun gbogbo. Àfi bí a bá gbójú sókè ni a ó tó rí àwọ̀ ewé: ọ̀gánwó kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́wé, apá sì ti ń rúwé tuntun kí òjò tó dé. Lórí irú igi bẹ́ẹ̀ ni a ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní kan pẹ̀lú àdá. Ẹ̀ka ń já bọ́, màlúù ti yí ìdí igi ká. Wọ́n mọ ìró àdá náà bí ọmọ ilé ìwé ti mọ ìró agogo ìsinmi.

Àgbẹ̀ wa tí ó bá ń kọjá lọ a ní àwọn darandaran ń pa igbó àwọn. Darandaran a ní ibi tí ẹran òun ti ń jẹko tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbin kajú sí, kí wọ́n wá sọ ibi tí kí òun dà wọ́n gbà. Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ Fúlàní ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú wa, a ń gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì, òótọ́ sì wà nínú méjèèjì. Kí a má sì gbàgbé pé kì í ṣe ẹran Fúlàní nìkan ni ó wà nínú agbo náà. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa tí ó rí owó kajú tàbí owó òwú ni ó fi ra màlúù, tí ó sì fi í sọ́wọ́ darandaran kí ó máa bá òun sìn ín. Nígbà tí a bá ń bú ẹni tí ó gun igi apá, ó lè jẹ́ pé ẹran tiwa ni ó ń jẹ ewé nísàlẹ̀.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ni a kì í sábà bi: kí ni igi ń ṣe fún koríko, kí sì ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Koríko ilẹ̀ olóoru, ọ̀rẹ́ oòrùn ni. Eruwà àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Andropogon àti Hyparrhenia, wà lára àwọn ewéko tí ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní plantes en C4: bí oòrùn bá ti ń ràn tó ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ tó. Fi ìbòji bò wọ́n, ìdàgbà wọn a dín kù. Mú ìbòji náà nípọn sí i, wọn a kú, àwọn ewé mìíràn tí kò kọ òkùnkùn a sì gba ipò wọn, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹran kì í fẹnu kàn. Gbòǹgbò igi pẹ̀lú ń bá koríko du omi inú ilẹ̀. Bí ó bá ṣe pé èyí nìkan ni iṣẹ́ igi, ìbá yẹ kí a fún gbogbo darandaran ní àáké kí wọ́n gé igi ọ̀dàn tán.

Ṣùgbọ́n igi a máa san díẹ̀ padà nínú gbèsè tí ó jẹ. Ewé tí ó ń wọ́ sílẹ̀ ń jẹrà di ilẹ̀dú. Ẹyẹ tí ń wọ̀ sórí rẹ̀ àti màlúù tí ń sinmi lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan ń ya ìgbẹ́ síbẹ̀, nítorí náà ọlọ́ràá ni ilẹ̀ ìdí igi. Oòrùn kì í tètè fa omi ibẹ̀ gbẹ. Koríko abẹ́ igi tí ó dá dúró lè má pọ̀ tó ti ìta, ṣùgbọ́n a máa pẹ́ kí ó tó pọ́n, oúnjẹ inú rẹ̀ a sì máa dára jù. Àwọn koríko kan tilẹ̀ wà tí ìbòji díẹ̀ kò pa lára. Àpẹẹrẹ wọn ni Panicum maximum, tí àwọn Faransé ń pè ní herbe de Guinée, tí màlúù fẹ́ràn púpọ̀.

Ní ọdún 1989, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Joy Belsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Tsavo, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Wọ́n wọn koríko lábẹ́ igi osè àti lábẹ́ bọn-ọ̀n-ní ẹlẹ́gùn-ún kan, wọ́n sì wọn ti ìta gbangba. Koríko abẹ́ igi pọ̀ ju ti ìta lọ. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò máa yin igi kiri. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tún lọ sí ibi tí òjò ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìwé wọn ti ọdún 1993 sì fi hàn pé àǹfààní náà kéré níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń pa koríko, ìbòji ni ìgbàlà. Níbi tí òjò ti tó, ìmọ́lẹ̀ ni koríko ń wá, igi sì ń dí i lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Bessé kì í ṣe Tsavo. Pẹ̀lú òjò tiwa, kí a má retí pé igi yóò sọ koríko wa di púpọ̀. Ohun mìíràn ni igi ń fún wa, a ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀rí tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ó pẹ́ ju ti Kẹ́ńyà lọ, ó sì dùn wá pé àwọn ọmọ ilé ìwé wa kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Nínú igbó ọba Olókèméjì, tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń fi iná sun èkíní lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ bí ìṣáná. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, Charter àti Keay lọ wò ó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Ibi tí iná pẹ́ kí ó tó dé, igi ti kú púpọ̀, koríko ni ó jọba. Ibi tí iná kò dé, àwọn igi inú ẹgàn ti wọlé, orí igi ti pàdé lókè, koríko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ibi tí iná tètè dé nìkan ni igi àti koríko ti ń gbé pọ̀. Aubréville, onímọ̀ igbó ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí kan náà ní Kokondékro, nítòsí Bouaké ní Côte d'Ivoire, ní ọdún 1936. Ohun tí ó jọra ni wọ́n rí níbẹ̀.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé ọ̀dàn onígi bí ti Bessé kì í ṣe ohun tí ó wà fúnra rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Iná ọwọ́ ènìyàn àti ẹnu ẹran ni ó dá a dúró sí ìwọ̀n tí ó wà. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí iná kan igbó mọ́ láéláé, ó ń sọ ọ̀dàn di ẹgàn, bí ó tilẹ̀ rò pé òun ń gbà á là. Ẹni tí ó bá dáná ní oṣù Ẹrẹ́nà kí eruwà lè tún rú, òun ni ó ń sọ ọ̀dàn di ilẹ̀ òfìfo. Ní tiwa, iná oṣù Bélú, tí a bá fi ìmọ̀ dá, ni ó tọ́.

Àwọn ará Faransé pàápàá ní irú pápá yìí. Ní orí òkè Jura, láàárín Faransé àti Suwisalandi, àwọn àgbẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní pré-bois: koríko fún màlúù oníwàrà, pẹ̀lú igi épicéa tí a dá sí káàkiri. Wọ́n mọ̀ pé bí igi bá pọ̀ jù, wàrà dín kù. Bí a bá sì fi pápá sílẹ̀ láìjẹ, igi a gbà á. Ní Sípéènì, dehesa ni wọ́n ń pè é, igi oaku ni tiwọn. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, àwòrán màlúù abẹ́ igi épicéa wọ̀nyí wà nínú ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ ayé tí a kà, a sì kọ́ orúkọ òkè náà sórí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé Fúlàní tí ó wà lẹ́yìn ilé ń ṣe iṣẹ́ kan náà lábẹ́ igi èmi.

Nísinsìnyí, kí ni igi ń fún wa? Àsìkò ni.

Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn tí ń fi èdè Faransé kọ̀wé ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní UBT, unité de bétail tropical. Ẹran tí ó wọn kílò 250 ni. Wọ́n ṣírò pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ nílò kílò 6,25 oúnjẹ lóòjọ́, bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Agbo tí ó bá tó UBT 40 yóò jẹ kílò 250 lóòjọ́; láàárín ọjọ́ 120 ẹ̀ẹ̀rùn, èyí di kílò 30 000. Ní oṣù Ògún, ọ̀dàn Bessé lè pèsè iye yìí láìmikàn. Ní oṣù Èrèlé, kì í ṣe pé iye nìkan ni ó dín kù: koríko gbígbẹ tí iná kò bá jó, igi lásán ni, ẹran lè jẹ ẹ́ yó kí ó sì máa rù. Ìdí ni pé àwọn kòkòrò aláìfojúrí inú ikùn màlúù, tí ń bá a tú oúnjẹ palẹ̀, nílò protéine kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Bí oúnjẹ náà kò bá ní tó ìdá 7 nínú 100, iṣẹ́ wọn a dẹ̀, ẹran náà kò sì ní lè jẹun tó mọ́. Koríko tí ó ti gbó tí ó sì gbẹ a máa wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n yìí. Ewé igi tútù, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ju ìdá 10 lọ. Ìwọ̀nba ewé apá tí a bá fi kún koríko gbígbẹ ni yóò jẹ́ kí koríko náà wúlò nínú ikùn ẹran. Ìdí nìyí tí Fúlàní fi ń gun igi. Ẹran rẹ̀ ni ó ń gbà lọ́wọ́ ikú.

Ẹnìkan lè bi wá pé, nígbà náà, èéṣe tí inú wa kò fi dùn sí i? Nítorí pé igi náà kì í ṣe koríko. Koríko tí a bá jẹ a tún rú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Igi tí a bá gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dún yìí, tí a tún gé e lọ́dún tí ń bọ̀, a máa lo gbogbo agbára rẹ̀ láti fi ṣe ewé, kò sì ní ṣẹ́ ku èyí tí yóò fi so èso. Ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan, Ọ̀gbẹ́ni Orou Gaoue, pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii, Tamara Ticktin, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀gánwó ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ọdún 2007 sọ ohun tí ẹ̀ka gígé àti èèpo bíbó ń ṣe fún igi náà àti fún èso rẹ̀. Wọ́n tún bi àwọn Fúlàní fúnra wọn léèrè ohun tí wọ́n mọ̀, ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2009 sì dá lórí ìmọ̀ wọn nìkan. Èyí wù wá púpọ̀. Ẹni tí ń gé ẹ̀ka igi lọ́dọọdún láti kékeré kò ṣàìmọ ohun tí igi ń fojú rí.

Apá ni ó tilẹ̀ ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí pé ọ̀tá rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Darandaran ń gé ẹ̀ka rẹ̀, onígẹdú ń gé ìdí rẹ̀. Ní Panama, ní oṣù Bélú ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES fi apá àti ọ̀gánwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú àtòjọ kejì, èyí tí ó ń fi àṣẹ dí títà wọn sí òkè òkun kù. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún vène, Pterocarpus erinaceus, ní ọdún 2016, òun náà sì ni igi kẹta tí Fúlàní ń gé fún ẹran. Igi mẹ́ta tí màlúù wa gbójú lé ní ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn oníṣòwò gẹdú àgbáyé ń wá kiri. Àwọn tí ń jó èédú fún Kútọnu kì í tilẹ̀ béèrè orúkọ igi.

Ọ̀rọ̀ kajú ni ó kù. Kò rọrùn láti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn tí àwọn onílé kajú ń kà, nítorí òun ni ó ń san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa.

Bí a bá wo ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, oko kajú dà bí igbó. A lè wí pé igi ti pọ̀ sí i ní Bessé. Ṣùgbọ́n ìbòji igi kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi ga, ewé rẹ̀ kò nípọn jù, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sì ń gba abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ wọlé. Kajú rẹlẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, koríko ṣì wà láàárín àwọn ìlà rẹ̀. Nígbà tí orí igi bá pàdé, ó parí. A ti kó àwọn ọmọ kíláàsì jáde lọ wò ó: a fi okùn ṣe igun mẹ́rin tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti ní ìbú, a gbé e sí abẹ́ èmi, a gbé e sí gbangba, a gbé e sí abẹ́ kajú àgbà. Lábẹ́ èmi àti ní gbangba, àwọn ọmọ rí ohun tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Lábẹ́ kajú, ewé gbígbẹ ni wọ́n kó bọ inú àpò. Ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá ó yẹ kí òun kọ òdo sílẹ̀. A ní kí ó kọ ọ́.

Nígbà náà, oko kajú kan tí ó ti dí ti yọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀dàn. Agbo tí ó ń jẹ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kú. Ó ṣí lọ sí ìyókù ọ̀dàn, níbi tí apá àti ọ̀gánwó ṣì wà, ó sì ń jẹ wọ́n ní ìlọ́po. Bí ẹ̀ka apá ṣe ń já lójoojúmọ́ kò ṣẹ̀yìn kajú tí a gbìn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Níhìn-ín, àwa tí a gbin igi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn agbo mìíràn a sì sún sí etí odò Ọ̀pàrà, níbi tí igbó ti dí tí ilẹ̀ sì tutù, ṣùgbọ́n nínú òjìji bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin tsé-tsé ń gbé, tí ń kó àrùn oorun ran màlúù. Ìbòji tí ó pọ̀ jù a máa pa ẹran ní ọ̀nà méjì.

Àwọn aláṣẹ kò jókòó lásán. Àjọ CEDEAO ṣe ìpinnu lórí dída ẹran kọjá ààlà ní Abuja ní ọdún 1998. Orílẹ̀-èdè wa ní code pastoral tirẹ̀, òfin 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù Igbe ọdún 2018. Ní ìparí ọdún 2019, ìjọba fòfin de àwọn agbo tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Gbogbo èyí ní ìdí tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, òfin lè la ọ̀nà fún màlúù, kò lè mú kí koríko hù lábẹ́ kajú. Kí a sì sọ òótọ́: ẹran tí ó wà ní Bessé ní gbogbo ọdún, tí a bí níbẹ̀, kò gba ibodè kankan wọlé.

Ohun tí a rí pé ó ṣeé ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú oko kajú fúnra rẹ̀. Àwọn olùdámọ̀ràn àgbẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé kí a fi mítà 10 sí àárín igi kan àti èkejì, èyí tí yóò jẹ́ igi 100 nínú hẹ́kítà kan. Ọ̀pọ̀ oko ni a gbìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fi mítà 5 sí i ní igi 400. Ẹni bẹ́ẹ̀ rò pé òun yóò kórè ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kajú kì í so nínú òkùnkùn. Ẹ̀ka ìta, tí oòrùn ń rí, ni ó ń so. Nígbà tí orí igi bá ti pàdé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò so mọ́, orí nìkan ni ó kù. Bí a bá gé díẹ̀ nínú wọn kúrò, ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, èyí tí ó kù yóò so dáadáa, koríko yóò sì padà sáàárín wọn. Lẹ́yìn ìkórè, kí ìkẹ́yìn oṣù Ẹ̀bìbì tó pé, onílé oko lè pe darandaran wọlé: ẹran yóò jẹ koríko náà, yóò ya ìgbẹ́ sílẹ̀, koríko tí kò bá sì sí láti gbẹ kì yóò gbé iná wọ inú oko ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àdéhùn ìgbẹ́ màlúù lórí oko àgbàdo kì í ṣe tuntun láàárín wa àti àwọn Fúlàní. A kàn ń sọ pé kí ó dé abẹ́ kajú ni.

Ti ẹ̀ka gígé, a kò gbà pé kí a fòfin dè é pátápátá, nítorí ẹni tí ebi ń pa ẹran rẹ̀ yóò gé e ní òru. Ó sàn kí a jọ fẹnu kò: kí ó ku ẹ̀ka kan nínú mẹ́ta lórí igi, kí igi tí a gé lọ́dún yìí sinmi lọ́dún tí ń bọ̀, kí a má gé orí rẹ̀ lu ìdí, kí a sì fi àmì sí àwọn igi ìyá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn, kí wọ́n lè máa so. Baálẹ̀ àti olórí àwọn Fúlàní ni ó lè fi àmì náà sí kí ó di ohun tí a bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀dà pupa tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi kùn ún, òjò ọdún kan ti tó láti fọ̀ ọ́.

Nípa gbígbìn, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, ní IITA àti ILCA, ti gbìyànjú ní àwọn ọdún 1980 láti mú kí àgbẹ̀ gbin Leucaena àti Gliricidia ní ìlà nínú oko, kí ewé wọn lè di oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùtàn. Igi wọ̀nyí tètè ń hù, ewé wọn dára. Àgbẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò pọ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Fún ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ní Bessé, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kò ju agbára ilé kan lọ. Ṣùgbọ́n fún màlúù inú ọ̀dàn, igi ilẹ̀ wa ni a ó máa wò.

Èso ọ̀gánwó a máa là ní ẹ̀ẹ̀rùn. Hóró rẹ̀ fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Ẹni tí ó bá ṣà á, kí ó gbìn ín sínú àpò rọ́bà ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ó sì máa bomi rin ín. Ti apá dúdú, ó le, ó ní fìlà aláwọ̀ ọsàn ní ìdí. A lè tọ́jú rẹ̀ títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀ ní oṣù Òkúdù, kí a tó rì í sílẹ̀ ní ojú ibi tí yóò dúró sí. Kí a má gbìn ín sí ọ̀nà ẹran. Kí a fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, kí a sì máa pààrọ̀ ẹ̀gún náà lọ́dọọdún, títí orí igi yóò fi kọjá ibi tí ẹnu màlúù dé.